Yíyan Dísìkì Bíréèkì fún Alùpùpù Àtijọ́

Dísìkì bíréèkì ni àwo irin tó so mọ́ ẹsẹ̀ alùpùpù, tó sì ń bá ẹsẹ̀ náà yí. Bí ẹni tó ń wa alùpùpù bá fa ọwọ́ bíréèkì, ọ́ìlì inú ọ̀pá rọ́bà á ti písítìnì inú kálípà, písítìnì á ti páàdì, páàdì méjèèjì á sì há àwo irin náà sáàárín. Níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn yìí ni eré ti ń di ooru, ooru yìí ló sì ń pinnu bí dísìkì ṣe máa nípọn tó, irú irin tí wọ́n máa fi ṣe é, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Alùpùpù tí òun àti ẹni tó gùn ún wọn 300 kg, tó ń sáré 100 km ní wákàtí kan, gbé agbára tó tó 116,000 joule dání. Bí eré náà bá jẹ́ 50 km, agbára yẹn á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé bí eré bá ti di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní bíréèkì iwájú gba ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà, dísìkì kan ṣoṣo tó wọn 1.5 kg lè fi nǹkan bí 110°C gbóná sí i nínú ìdúró ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí dísìkì náà bá tín-ín-rín débi pé ó wọn 1.2 kg, ìdúró kan náà á fi nǹkan bí 140°C mú un gbóná. Bí irin bá ṣe ń dín kù ni ooru ń pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀kadà tó ń ná ìgboro ìlú Yorùbá, irú bíi Bajaj Boxer, ni kò ní dísìkì rárá. Dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, ṣúù méjì á sì ya láti inú rẹ̀ láti dá a dúró. Àwọn tí ọ̀rọ̀ dísìkì kàn ni àwọn alùpùpù ńlá, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1970 títí dé 1990, tí àwọn kan kó wọlé gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń tún ṣe nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí wọn. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ju ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí yíyan òmíràn fi gba ìmọ̀.

Lambretta TV 175 ti ilẹ̀ Ítálì ti gbé dísìkì sí ẹsẹ̀ iwájú láti 1962, ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n fi ń fà á. Honda CB750 Four tó dé ọjà ní 1969 ló sọ dísìkì tí ọ́ìlì ń tì di ohun tí ará ìta lè rí rà lẹ́sẹ̀ alùpùpù tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Dísìkì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 296 mm, ó sì nípọn tó 7 mm. Irin síténlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ṣe é. Kò pẹ́ tí Kawasaki, Suzuki àti Yamaha fi tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ní Yúróòpù, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ilé iṣẹ́ Brembo, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Bergamo ní 1961, ń fi irin dídà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kásì, ṣe dísìkì fún Ducati 900SS àti Moto Guzzi Le Mans ti 1976. Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ojú méjèèjì. Lára Bonneville T140 tó jáde ní 1973, irin kásì ni dísìkì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi kúrómù bò ó kó lè máa dán.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Irin kásì máa ń di páàdì mú dáadáa, ìbáà jẹ́ nínú òòrùn tàbí nínú òjò, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà. Bí alùpùpù bá sùn síta mọ́jú nínú òjò, dísìkì á ti pọ́n lówùúrọ̀, fífa bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan ló sì máa nù ún kúrò. Síténlẹ́ẹ̀sì kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, ó wuyì lójú oníbàárà, àmọ́ páàdì ayé ìgbà yẹn kò bá a mu nínú òjò. Ẹni tó bá fa bíréèkì lórí títì tó tutù lè kà á dé ìṣẹ́jú àáyá kan kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, bíréèkì á wá dì í mú lójijì. Ẹ̀rù èyí ba ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ti Triumph kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kúrómù orí rẹ̀ tún máa ń ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń fi ẹ̀rọ ha á kúrò kí páàdì lè kan irin gidi. Ẹni tó bá ń wá dísìkì fún alùpùpù irú àkókò yẹn lónìí ní láti mọ èwo nínú àwọn ìpinnu yìí ni wọ́n ṣe lé alùpùpù tirẹ̀ lórí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, ó yẹ kó wọn èyí tó wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù náà ná. Ara ọ̀pọ̀ dísìkì ni wọ́n ti lu ààlà rẹ̀ sí: lẹ́tà «MIN TH» àti nọ́ńbà kan tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yìí ni ìnípọn tí dísìkì kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Dísìkì tó jẹ́ 5 mm nígbà tó wà ní tuntun sábà máa ń ní 4.5 mm gẹ́gẹ́ bí ààlà, ti alùpùpù kékeré tó jẹ́ 4 mm sì lè ní 3.5 mm. Ìdajì mílímítà péré ló wà láàárín tuntun àti èyí tó ti parí, kò sí ojú tó lè rí i láìlo òṣùwọ̀n. Máíkírómítà ni ohun èlò tó tọ́ fún un. Kálípà oníṣẹ́ irin, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹnu páìpù, máa ń purọ́ níbí, nítorí pé páàdì kì í dé etí dísìkì, etí náà á sì ga bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu ìkòkò. Ẹnu kálípà náà á gùn lé ibi gíga yẹn, á wá fi hàn pé dísìkì ṣì nípọn. Ibi mẹ́jọ yí ojú dísìkì ká ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, èyí tó kéré jù lọ nínú wọn ni ìdáhùn.

Ìdí mìíràn tí ààlà yìí fi ṣe pàtàkì kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí dísìkì bá ti tín-ín-rín, tí páàdì náà sì ti jẹ tán, písítìnì inú kálípà ní láti jáde síta ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè tì wọ́n pa. Ó lè jáde débi tí rọ́bà tó dí ọ́ìlì mọ́ kò ní dì í mú dáadáa mọ́, ọ́ìlì á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ńlá ṣe ń wà nínú síso dísìkì tuntun tó jẹ́ 5 mm mọ́ kálípà tí wọ́n ṣe fún 7 mm. Yóò wọlé, ọwọ́ bíréèkì á le, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó dáa. Ìgbà tí páàdì bá ti dé ìdajì ni wàhálà máa tó bẹ̀rẹ̀. Dísìkì tó tín-ín-rín kò yẹ fún kálípà tí wọ́n ṣe fún èyí tó nípọn àyàfi bí ẹni tó ṣe é bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó dán an wò pẹ̀lú irú kálípà bẹ́ẹ̀.

Gbígbọ̀n ọwọ́ bíréèkì ni ẹ̀sùn tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ọjà. Wọ́n á ní dísìkì ti wọ́, wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á sì rí i pé èyí tuntun náà tún ń gbọ̀n. Wíwọ́ ṣeé wọ̀n: wọ́n á gbé aago òdiwọ̀n kan sára kálípà tàbí ọ̀pá iwájú, ẹnu rẹ̀ á kan dísìkì, wọ́n á sì yí ẹsẹ̀ alùpùpù díẹ̀díẹ̀. Ìwé àtúnṣe ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́ fàyè gba 0.3 mm, ti àwọn ìgbàlódé kan sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó dá dísìkì lẹ́bi, kí wọ́n kọ́kọ́ mi ẹsẹ̀ náà lọ sọ́tùn-ún àti sósì láti mọ̀ bóyá bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú dísìkì, kí wọ́n wo ojú họ́ọ̀bù tó jókòó lé. Ìpẹtà díẹ̀ tàbí ọ̀dà tó gbẹ síbẹ̀ ti tó láti gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ohun tó sì kéré ní ìdí dísìkì máa di ńlá ní etí rẹ̀.

Nígbà mìíràn, dísìkì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Ìnípọn rẹ̀ ni kò dọ́gba yíká. Ìdá-ọgọ́rùn-ún mílímítà mélòó kan ti tó kí ọwọ́ gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé páàdì ló lẹ̀ mọ́ ojú kan nígbà tí ó gbóná gan-an tí awakọ̀ sì di bíréèkì mú níbi tó dúró sí. Àmì àwọ̀ búlúù lára dísìkì fi hàn pé ó ti gbóná kọjá ààlà rí. Bákan náà, kí wọ́n wo ẹnu ihò tí wọ́n lu sára rẹ̀ dáadáa. Ìlà sísán tín-ín-tín lè máa jáde láti ibẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti dé etí dísìkì tàbí tó so ihò kan mọ́ èkejì, kò sí ohun tó kù bí kò ṣe láti sọ dísìkì náà nù.

Kálípà ni kí wọ́n yẹ̀ wò kẹ́yìn, òun náà ló sì máa ń jẹ̀bi jù lọ lára alùpùpù tó ti pẹ́. Kálípà CB750 rọ̀ mọ́ apá kan tó ń yí lórí pínnù. Bí pínnù yẹn bá ti dípẹtà tó sì há, páàdì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa ṣiṣẹ́. Yóò máa tẹ dísìkì sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí wọ́n á fi fẹ̀sùn kan irin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Síso dísìkì tuntun mọ́ irú kálípà yẹn, owó tó máa tún dànù ni.

Wọ́n lè fi ẹ̀rọ lọ ojú dísìkì tó wọ́ tàbí tó ní ojú gẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ìnípọn rẹ̀ bá ṣì kọjá ààlà dáadáa lẹ́yìn lílọ. Fún alùpùpù tí dísìkì rẹ̀ ti di ohun àìrí, ọ̀nà yìí bọ́gbọ́n mu. Dísìkì àtijọ́ tó jẹ́ 7 mm, tó ní 6 mm gẹ́gẹ́ bí ààlà, ní ìwọ̀n àyè fún un. Èyí tó jẹ́ 5 mm, tó ní 4.5 mm, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní. Kí ẹni tó ń lọ ọ́ fi òkúta lọ ọ́ lójú méjèèjì lọ́nà tó dọ́gba. Fífi irin gígé ha síténlẹ́ẹ̀sì tó le jẹ́ iṣẹ́ tí kì í sábà yọrí sí rere.

Bí ó bá dájú pé dísìkì tuntun ni ó kàn, ìbáramu ni ó tẹ̀ lé e. Fífẹ̀ nìkan kò tó. Òṣùwọ̀n mẹ́fà ni a gbọ́dọ̀ mú bára mu: ìbú òde, ìnípọn, ìbú ihò àárín tó jókòó lórí họ́ọ̀bù, iye ihò bóòtù, ìbú òbìrí tí àwọn ihò bóòtù wà lé lórí, àti bí ojú dísìkì ṣe jìnnà sí ibi tó jókòó sí. Ìbú òbìrí bóòtù rọrùn láti wọ̀n bí ihò bá jẹ́ mẹ́fà: láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó kọjú sí i. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, kò sí èyí tó kọjú síra. Wọ́n á wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi 1.7 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn òṣùwọ̀n náà ló ń tan ènìyàn jù. Ọ̀pọ̀ dísìkì kò tẹ́ bí àwo. Àárín rẹ̀ tẹ̀ wọlé tàbí yọ síta. Bí ó bá yẹ̀ ní mílímítà méjì, kálípà kò ní jókòó ní àárín dísìkì mọ́, tàbí dísìkì á máa fara ha ara ọ̀pá iwájú. Dísìkì tó wọ bóòtù dáadáa lè jẹ́ ẹ̀tàn nítorí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ alùpùpù kò tó láti fi béèrè ohun èlò. Ilé iṣẹ́ kan náà lè yí ẹsẹ̀ alùpùpù padà láàárín ọdún méjì, kó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò yí. Honda bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Comstar ní nǹkan bí 1977, a kò sì lè rò pé dísìkì ẹsẹ̀ onísípókù máa bá a mu. Alùpùpù tòkunbọ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ti ọdún mìíràn. Nọ́ńbà férémù ni wọ́n fi ń wá ohun tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ ní tòótọ́, òṣùwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí wọ́n tó sanwó.

Nípa irú irin, ìmọ̀ràn tó dára jù ni pé kí ẹni tó ní kásì máa lo kásì, kí ẹni tó ní síténlẹ́ẹ̀sì máa lo síténlẹ́ẹ̀sì, àyàfi tó bá mọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà. Páàdì ló fà á. Páàdì tí wọ́n fi lẹ́bú irin tí ooru so pọ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní síntà, dára púpọ̀ lórí síténlẹ́ẹ̀sì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀rù òjò àtijọ́ yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ irin kásì kíákíá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó lórí kásì bí ẹni tó ṣe páàdì náà kò bá kọ ọ́ pé ó bá a mu. Páàdì tí wọ́n fi nǹkan tó rọ̀ ṣe, tí gọ́ọ̀mù so pọ̀, ni ọ̀rẹ́ kásì. Bí olówó alùpùpù kan bá fẹ́ràn bí kásì ṣe ń di páàdì mú, tó sì gbà láti máa rí ìpẹtà lórí rẹ̀ lówùúrọ̀, a gbọ́dọ̀ yin yíyàn rẹ̀; ó bá ìtàn alùpùpù rẹ̀ mu.

Ọ̀nà kan wà láti mọ síténlẹ́ẹ̀sì tó yàtọ̀. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dísìkì lè le bí wọ́n bá fi iná àti omi mú un le, mágínẹ́ẹ̀tì sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Irú tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abọ́ àti agbada inú ilé ìdáná kò le bẹ́ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé ojú dísìkì olówó pọ́ọ́kú kan tó sì bọ́ sílẹ̀, kí ó fi dísìkì náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé lílẹ̀ nìkan jẹ́ ẹ̀rí pé ó dára, nítorí kásì àti irin lásán náà máa ń fà á.

Ihò, ìlà gígé àti etí tó rí bíi ìgbì omi ni ọjà fi ń tan ojú. Ihò lára dísìkì ń ràn án lọ́wọ́ láti gbọn omi dànù, láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, àti láti máa fọ ojú páàdì. Ìgbì etí tún ń dín ìwọ̀n náà kù díẹ̀. Kò sí èyí tó ń mú alùpùpù dúró kíákíá bí páàdì àti kálípà kò bá dára. Lára alùpùpù àtijọ́, dísìkì onígbì kì í bá ojú rẹ̀ mu, àmọ́ èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́wò olúkúlùkù. Ewu ni kí ènìyàn gbé díríìlì ara rẹ̀ lé dísìkì tí ilé iṣẹ́ kò lu nǹkan kan sí. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún CB750 láti mú kó fúyẹ́. Ihò tí etí rẹ̀ kò dán, tàbí tí kò pín dọ́gba, máa ń di ibi tí sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dísìkì ti lu ihò náà tán kí wọ́n tó mú irin náà le, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ.

Ó tún ku bí wọ́n ṣe so dísìkì mọ́. Èyí tó dúró ṣinṣin, tí wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí irin kan, ló wọ́pọ̀ lára alùpùpù àtijọ́. Èyí tí ó ń mì díẹ̀ ní òrùka irin lóde àti àárín tó jẹ́ alumíníọ̀mù, tí pínnù kékeré so pọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé òrùka tó fẹ̀ tó 300 mm, tí ó bá fi 200°C gbóná sí i, á fẹ̀ sí i ní ohun tó ju ìdajì mílímítà lọ, họ́ọ̀bù tó wà láàárín kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí òrùka náà kò bá ní àyè, ó lè tẹ̀ bí abọ́. Fún ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìlú, dísìkì tó dúró ṣinṣin ti tó, ó pẹ́, kò sì ní pínnù tó máa gbó. Fún ẹni tó ń sáré gan-an, èyí tó ní àyè dára jù. Bí pínnù bá ti gbó, á máa dún bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbi tí a ti ń rà á, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ojúlówó láti ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù ni ó dáa jù bí ó bá ṣì wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ọ̀pọ̀ ni wọn kò sì ṣe mọ́. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bíréèkì, bíi Brembo, EBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Galfer ti ilẹ̀ Sípéènì, ń ṣe dísìkì tí wọ́n wọ̀n láti bá irú alùpùpù kan mu, èyí sì ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lónìí. Ẹ̀kẹta ni àlòkù. Dísìkì àlòkù kò burú fún alùpùpù tó ṣọ̀wọ́n, bí olùtà bá gbà kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ara rẹ̀. Kí wọ́n má rà á láti inú àwòrán lásán. Ayédèrú ni ewu tó kù. Páàlì rẹ̀ lè dára ju ti ojúlówó lọ. Ohun tí a lè wò ni bóyá wọ́n lu nọ́ńbà àti ìnípọn ààlà sára irin náà gan-an. Ní Jámánì, òfin béèrè ìwé ẹ̀rí fún dísìkì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù, àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sì máa ń ní nọ́ńbà KBA tí wọ́n lu mọ́ ọn, ìyẹn àmì Kraftfahrt-Bundesamt, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń rí sí ọkọ̀. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn lára dísìkì tó ń ná, ibikíbi tó bá wà, mọ̀ pé ẹlòmíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú òun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò yí padà gidigidi, kò pọn dandan fún un láti lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé wíwọn dísìkì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni alùpùpù nìkan.

Ìfẹ́ láti mú bíréèkì lágbára sí i ló ń mú kí àwọn kan fi dísìkì tó fẹ̀ jù tàbí èkejì sí i. Dísìkì 320 mm dípò 280 mm lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú méje kún agbára ìdúró, nítorí pé ibi tí páàdì ti di mú jìnnà sí àárín. Ṣùgbọ́n kálípà gbọ́dọ̀ sún síta pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi dísìkì àti kálípà kejì kún un, ọ́ìlì tí wọ́n nílò láti ti písítìnì á di ìlọ́po méjì. Másítà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bíréèkì lókè, ni ó ń ti ọ́ìlì náà wá. Bí písítìnì inú másítà náà bá jẹ́ 14 mm, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ alùpùpù onídísìkì kan, ọwọ́ bíréèkì á lọ jìnnà kó tó le, ó lè kan ọwọ́ ìdarí pàápàá. Èyí tó jẹ́ 15.9 mm, tí ọ̀pọ̀ alùpùpù onídísìkì méjì ń lò, máa ń gbé ọ́ìlì lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ pààrọ̀ másítà, kí ó fi dísìkì kejì sílẹ̀. Ní ti gidi, ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ tí bíréèkì rẹ̀ kò lágbára nílò ọ̀pá rọ́bà tuntun ju dísìkì ńlá lọ; rọ́bà tó ti gbó máa ń wú nígbà tí wọ́n bá fa ọwọ́ bíréèkì, agbára tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ páàdì á sì ṣòfò níbẹ̀.

Nígbà síso, wọ́n á fi súpíríìtì tàbí ohun ìfọ bíréèkì nu ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ fi pa dísìkì tuntun kí ó má baà dípẹtà. Wọ́n á ha ojú họ́ọ̀bù mọ́ títí irin á fi hàn. Bóòtù àtijọ́ tí ó ti há máa ń jáde bí wọ́n bá fi ìgbóná díẹ̀ mú kí gọ́ọ̀mù tó dì í mú rọ̀. Kí wọ́n má fi agbára já orí rẹ̀. Bóòtù tuntun ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ń mú bóòtù dúró, kí wọ́n sì dì í ní ìgbésẹ̀ méjì ní ọ̀nà tí ó kọjú síra, títí dé agbára tí ìwé àtúnṣe kọ. Bí dísìkì bá ní ọfà tó fi ọ̀nà yíyí hàn, kí ó dojú kọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ bá dísìkì tuntun wọlé. Ojú páàdì àtijọ́ ti mọ ìlà àti gẹ̀gẹ̀rẹ̀ dísìkì tó lọ, orí ibi tó ga nìkan ni yóò kan lórí dísìkì tuntun, ibẹ̀ nìkan ni ooru máa kó jọ sí. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá ọ́ìlì, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì náà pẹ̀lú irú kan náà tí wọ́n kọ sórí ìdérí másítà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ da DOT 5 tó jẹ́ sílíkónì pọ̀ mọ́ DOT 3 tàbí DOT 4.

Nǹkan bí 150 sí 300 km àkọ́kọ́ ni dísìkì àti páàdì fi ń mọ ara wọn. Ní àkókò yìí, wọ́n á máa fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti eré tó mọ níwọ̀n, wọ́n á jẹ́ kó tutù láàárín kan sí èkejì, wọn kò sì ní di ọwọ́ bíréèkì mú níbi tí wọ́n bá dúró sí nígbà tí dísìkì ṣì gbóná, kí páàdì má baà lẹ̀ mọ́ ojú kan. Bí ó bá ti pé, wọ́n á yẹ bóòtù wò, wọ́n á tún fi máíkírómítà wọn dísìkì, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n sínú ìwé alùpùpù.